Eré ọ̀nà jíjìn àti oúnjẹ wa: àwọn ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu àwọn sárésáré

Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń bi í ló ń yàtọ̀. Mo kó wọn jọ síbí kí ọwọ́ mi lè sinmi lórí fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sá kìlómítà 10 sókè ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sáré lé dáńfó lè máa kọjá lọ.

Kí ni ara ń jó tí mo bá ń sáré?

Súgà àti ọ̀rá. Súgà tí mo wí yìí kì í ṣe ti inú tíì nìkan o: ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì, ẹ̀kọ, gbogbo wọn ló ń di súgà bí wọ́n bá ti dà nínú. Èyí tí ara kò bá lò lójú ẹsẹ̀, á kó o pamọ́ sínú iṣan àti sínú ẹ̀dọ̀. Glycogen ni wọ́n ń pe èyí tó wà nípamọ́ yẹn.

Bí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀rá ni ara ń jó jù. Bí eré bá ṣe ń le sí i ni súgà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rá, torí pé ó yá jó, ọ́síjìn tó ń gbà kò sì pọ̀ tó ti ọ̀rá. Ọ̀rá kò lè tán lára èèyàn lójú ọ̀nà. Ẹni tó tín-ín-rín bí ọwọ̀ pàápàá ní èyí tó lè gbé e láti Èkó dé Ìlọrin. Súgà ló ń tán.

Kí ló dé tí okun fi ń tán lára mi bí mo bá dé nǹkan bíi kìlómítà 30?

Ìṣirò ọjà ni. Ẹni tó wọn kílò 70 ń ná nǹkan bíi kálórì 70 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Marathon jẹ́ kìlómítà 42.195, nítorí náà iye tó máa ná súnmọ́ 3,000. Glycogen inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ẹni tó jẹun kánú jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 500, ìyẹn kálórì 2,000. Ọ̀rá á ràn án lọ́wọ́, àmọ́ bí ẹ bá ti fi ìwàǹwára sá kìlómítà 10 àkọ́kọ́, súgà lẹ fi san gbogbo owó yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé súgà tó wà nínú iṣan apá kò ṣe é yá iṣan ẹsẹ̀. Kálukú iṣan ló ń jẹ tiẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú tiẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, ọpọlọ sì wà lára àwọn tó tẹ́wọ́ sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ti ẹ̀dọ̀ bá gbẹ, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń wúwo. Ojú á ṣú, inú á máa bí èèyàn sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, kò tiẹ̀ ní lè ṣírò iye kìlómítà tó kù mọ́.

Ṣé dandan ni kí n jẹun kí n tó lọ sáré láàárọ̀?

Bí kò bá ní ju wákàtí kan lọ, tó sì jẹ́ eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, rárá, omi tó. Bó bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí búrẹ́dì díẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Báwo ni kí n ṣe yára tó lójoojúmọ́?

Ẹ rọra ju bí ẹ ṣe ń ṣe báyìí lọ. Nínú ọjọ́ márùn-ún tí ẹ bá sáré, mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ irú eré tí ẹ lè máa fi tàkúrọ̀sọ láìmí gúlegúle. Nínú eré jẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ń pọ̀ sí i láàárín iṣan, tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fi ọ́síjìn jó oúnjẹ nínú iṣan náà ń bí sí i, tí ọkàn sì ń lè ta ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ara tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ á máa jó ọ̀rá púpọ̀ sí i lórí eré kan náà, á sì máa ṣún súgà ná.

Ọjọ́ karùn-ún ni kí ẹ fi sá eré tó le. Ohun tí mò ń rí ní òpópónà lójoojúmọ́ yàtọ̀: gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń sá a bíi pé àgbà kan ń lé wọn, kò yára tó láti kọ́ wọn ní eré, kò rọra tó láti jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Eré ku ọ̀la. Kí ni kí n jẹ lálẹ́ òní?

Ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ kan kò lè kún iṣan. Ọjọ́ kan ààbọ̀ sí ọjọ́ méjì ló ń gbà. Àwọn onímọ̀ kan ní Sweden ló fi hàn wá ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran bíńtín láti inú iṣan itan àwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń wọn súgà inú rẹ̀. Iye tí wọ́n ń dá lábàá lónìí ni gíráàmù 10 sí 12 oúnjẹ afáralókun, ìyẹn kìkì ohun tó ń di súgà nínú oúnjẹ, fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká bu ú sínú àwo. Ẹni tó wọn kílò 60 gbọ́dọ̀ jẹ gíráàmù 600. Búrẹ́dì gígé mẹ́fà láàárọ̀ jẹ́ bíi 90, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì 50. Gàrí gíráàmù 100 tí ẹ fi omi tútù àti ṣíbí ìpotíì súgà mẹ́rin mu jẹ́ bíi 100. Ìrẹsì funfun tó wọn gíráàmù 400 lẹ́yìn tó jiná, bíi 110. Iṣu sísè tó tó bẹ́ẹ̀ lálẹ́, 110 mìíràn. Ẹ ṣì jẹ gbèsè 140! Ẹran àti ọbẹ̀ ọlọ́ràá kò sí nínú ìṣirò yìí rárá, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti "kún ara", tó sì jẹ́ pé òkèlè mẹ́rin àti ògúnfe ló jẹ.

Bí ìwọ̀n yín bá fi kílò kan tàbí kan ààbọ̀ lé sí i, ẹ má bẹ̀rù. Gíráàmù glycogen kan ń fa bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn gan-an, ẹ fi ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ata sílẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ ẹ̀wà aganyin lálẹ́ tí eré kìlómítà 21 ku ọ̀la rí. Kìlómítà 13 ni mo ti yà bàrá sí ilé epo kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré ńkọ́?

Iṣan kò fọwọ́ kan tiẹ̀ mọ́jú, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ti ń bọ́ ọpọlọ láti alẹ́, àpò rẹ̀ ti fúyẹ́. Òun ni ẹ fẹ́ kún. Bí àkókò bá ṣe kù tó ni kí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó: bó bá ku wákàtí mẹ́ta, gíráàmù mẹ́ta fún kílò kan, bó bá ku wákàtí kan, gíráàmù kan. Eré tó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30 ń fẹ́ kí ẹ jí ní 3:30. Ó dùn mí fún yín.

Ògì tí ẹ pò mọ́ súgà láìsí mílíìkì, búrẹ́dì tí ẹ fi oyin kùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Àkàrà tó ń tẹ̀lé ògì káàkiri, ẹ jẹ́ kó dúró dè yín nílé. Epo inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ikùn tètè ṣófo.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra jẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tí wọ́n ń fà mu lójú ọ̀nà?

Kò pọn dandan. Súgà ni, inú àpò kékeré ló wà. Fún eré tó ju wákàtí kan lọ, gíráàmù 30 sí 60 láàárín wákàtí kan ló yẹ. Fún eré tó ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, ẹ lè gbé e dé 90, ṣùgbọ́n súgà oríṣi méjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ilẹ̀kùn tí glúkóòsì ń gbà láti inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ kò lè gba ju nǹkan bíi 60 lọ ní wákàtí kan. Fúrúkútóòsì, irú èyí tó wà nínú èso, ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó lo ilẹ̀kùn méjèèjì kó ẹrù wọlé púpọ̀.

Oyin ní oríṣi méjèèjì, ṣíbí ìjẹun kan sì jẹ́ bíi gíráàmù 17. Dàbínù kékeré gbígbẹ kan jẹ́ bíi 5 tàbí 6, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bíi 25. Ẹ yọ kóró dàbínù náà nílé. Mo ti rí ẹni tó fún un mì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò nínú eré gígùn ọjọ́ Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí à ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ń fi ikùn sílẹ̀ lọ bá ẹsẹ̀ àti awọ ara. Ikùn tí kò bá mọ́ ọn lára láti dà oúnjẹ nínú ipò bẹ́ẹ̀ á dá a padà.

Omi tó báwo ni kí n mu?

Òṣùwọ̀n ló máa sọ fún yín. Ẹ bọ́ aṣọ, ẹ gùn ún kí ẹ tó jáde. Ẹ sáré wákàtí kan. Ẹ dé, ẹ nu òógùn nù, ẹ tún gùn ún láìwọ aṣọ, torí aṣọ tó ti rin á tàn yín. Bí ẹ bá jáde ní 68.4 tí ẹ wọlé ní 67.5, tí ẹ sì mu píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn ìdajì lítà, lójú ọ̀nà, òógùn yín ní wákàtí yẹn jẹ́ lítà 1.4. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí oòrùn mú àti lọ́jọ́ tí òjò ṣú, ẹ ó rí i pé iye méjèèjì kì í bára mu.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ dá padà kí eré tó parí. Bí ohun tí ẹ pàdánù kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ, kò sí láburú. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ máa tọ́ yín.

Ṣé omi lè pọ̀ jù ni?

Ó lè pọ̀ jù, ó sì lè pani. Omi àmujù ń fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lómi, ọpọlọ á sì máa wú. Níbi marathon Boston ti 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò nígbà tí wọ́n parí eré. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń rọra sá a, tí wọ́n lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, tí wọ́n sì ń dúró mu omi níbi gbogbo ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Àmì kan rèé: bí ẹ bá parí eré tí ẹ sì wúwo ju bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ ti mu ún jù. Orí fífọ́, èébì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ló ń tẹ̀lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu.

Ṣé mo lè po omi oníyọ̀ àti súgà fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Píọ̀ wọ́tà méjì jẹ́ lítà kan. Ṣíbí ìpotíì súgà mẹ́fà tí ẹ gé orí rẹ̀ àti ìdajì ṣíbí iyọ̀: omi tí àwọn ìyá wa ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru náà nìyẹn, ó sì dára lẹ́yìn eré. Fún ojú ọ̀nà, níbi tí ẹ ti ń wá okun, ẹ gbé súgà rẹ̀ dé bíi ṣíbí 15. Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ ní bó ṣe wà tàbí kí ẹ dín in kù díẹ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè ṣe é mu.

Pajápajá ń mú mi lẹ́sẹ̀. Ṣé iyọ̀ ni kò tó?

Nígbà mìíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tó ti rẹ̀ ni, tí ẹni tó ni ín sì ń fi tipátipá mú un ṣe eré tí kò fi dánra wò rí. Ẹ wo ibi tó ti ń mú yín: ojúgun ẹ̀yìn tàbí itan, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù. Bí iyọ̀ nìkan bá ni, apá àti ikùn náà ì bá máa lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ rọra na iṣan náà títí á fi dẹ̀.

Ṣé lactic acid, àsíìdì tí iṣan ń ṣe nígbà eré líle, ló ń mú ara ro mí lọ́jọ́ kejì?

Rárá, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbogbo jíìmù. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré, ara ti kó o kúrò. Oúnjẹ ló tilẹ̀ jẹ́ fún ọkàn àti iṣan. Ohun tó ń dùn yín ni iṣan tó ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìrora rẹ̀ ń le jù láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Oúnjẹ amúaradàgbà bíi gíráàmù 20 sí 25 lẹ́yìn eré á ràn án lọ́wọ́: ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ẹja. Ẹ má gbàgbé láti jẹ oúnjẹ afáralókun pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ni àwọn ará Kenya ń jẹ tí àwa kò jẹ?

Kò sí. Ugali ni, àgbàdo rírò, ẹni tó bá mọ tùwó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran díẹ̀, tíì onímílíìkì tí súgà kún inú rẹ̀. Àwọn tó wọn oúnjẹ àwọn àgbà sárésáré wọn rí i pé ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kálórì wọn tó ń wá láti inú oúnjẹ afáralókun. Ibi tí wọ́n fi jù wá lọ ni òkè Iten, tó ga ní nǹkan bíi mítà 2,400, àti iye ọdún tí wọ́n ti fi ń sáré. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sí orí ìkòkò.

London ni mo ń gbé, marathon Èkó ni mo fẹ́ wá sá. Kí ni kí n ṣe nípa ooru?

Ẹ tètè dé. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ara fi ń kọ́ ooru: omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á tètè jáde, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tó balẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó fẹ́ sáré ní Sátidé kò tíì kọ́ nǹkan kan. Bí iṣẹ́ kò bá gbà, ẹ máa fi aṣọ méjì sáré níbẹ̀, tàbí kí ẹ máa wẹ omi gbígbóná fún bíi ìdajì wákàtí lẹ́yìn eré fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kò tó ooru gidi, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ.

Lọ́jọ́ eré, ẹ gbàgbé àkókò tí ẹ fi sá ti London. Láti 2016 tí marathon Èkó ti bẹ̀rẹ̀, Third Mainland Bridge ni ibi tí mò ń kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn: ó lé ní kìlómítà 10, igi kan kò sí lórí rẹ̀, ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ. Òógùn tó ń kán sílẹ̀ láìgbẹ kò tu ara. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe ránun-rànun, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí ìdúró. Yìnyín àti omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé.

Ṣé obì àti kọfí ń ranni lọ́wọ́?

Kaféènì inú wọn ń ranni lọ́wọ́. Mílígíráàmù mẹ́ta fún kílò ara, bíi wákàtí kan ṣáájú eré, ti tó. Ti kọfí ṣe é díwọ̀n díẹ̀. Ti obì kò ṣe é díwọ̀n, torí awẹ́ kan kì í jọ èkejì. Ó tún máa ń ṣí ikùn o.

Mò ń gba àwẹ̀ Ràmàdáánì. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?

Kò dìgbà náà. Ẹ gbé eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú ìṣínu, kí omi lè wà nítòsí, eré tó le sì di ẹ̀yìn ìṣínu, nígbà tí oúnjẹ bá ti dà díẹ̀. Ní sààrì, ẹ jẹ ohun tí kò ní tètè dà, kí ẹ sì mu omi díẹ̀díẹ̀. Eré gígùn jù lọ lè dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ṣé mo lè gbé oògùn ìrora mì kí n tó sáré?

Rárá. Ibuprofen àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, lákòókò tí eré àti ooru ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó sì ń pa ìrora tó fẹ́ kìlọ̀ fún yín. Tramadol burú jù: láti January 1, 2024 ni WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ti fòfin dè é nígbà ìdíje. Àgbo ńkọ́? Ẹni tó sè é kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n bá a nínú ìtọ̀ yín ni ẹ ó jíyìn.

Ó ń rẹ̀ mí ṣáá, nǹkan oṣù mi sì ti dúró. Ṣé ara ń gba eré náà ni?

Rárá o. Ara ń pa iná yàrá tí kò kàn án nílé ni. Bí oúnjẹ kò bá tó fún eré tí ẹ ń sá, ara á dáwọ́ ìbímọ dúró, á jẹ́ kí egungun rọ̀, á jẹ́ kí àìsàn ráyè. Ọkùnrin náà ń bọ́ sí i, tiwọn kàn jẹ́ pé kò sí nǹkan oṣù tó máa tú wọn fó. Oṣù mẹ́ta láìrí i, ẹ lọ rí dókítà. Kí ẹ sì jẹun sí i.

Tó bá jẹ́ pé nǹkan oṣù ń wá, tó tilẹ̀ ń pọ̀, tó sì ń rẹ̀ yín, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti èròjà irin inú rẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran pupa, àti ẹ̀fọ́ tí ẹ jẹ ọsàn tẹ̀lé á ṣèrànwọ́. Tíì tí à ń mu lé oúnjẹ lórí kì í jẹ́ kí irin inú ẹ̀fọ́ wọlé. Ẹ sún un síwájú ní wákàtí kan tàbí méjì.

Ibà ń ṣe mí díẹ̀, eré sì ku ọjọ́ méjì.

Ẹ má sá a. Kò sí "ibà díẹ̀" lórí kìlómítà 42.

Ọ̀rá kì í tán, súgà ń tán. Ṣé kí n kúkú pa ẹ̀bà tì kí n máa jẹ ọ̀rá?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á di ògbóǹtarìgì nínú jíjó ọ̀rá lóòótọ́. Louise Burke àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia dán an wò pẹ̀lú àwọn tó ń díje nínú ìrìn kánmọ́kánmọ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Ọ́síjìn tí wọ́n ń lò lórí ìrìn kan náà pọ̀ sí i, ìdíje wọn kò sì dára sí i, nígbà tí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ afáralókun tẹ̀ síwájú. Ọ́síjìn ni owó tí kò pọ̀ lápò yín lọ́jọ́ eré. Ọ̀rá ń ná an jù.

AS ni mí. Ṣé kí n máa sáré?

Ẹ máa sáré. Ìwádìí kan lórí àwọn sójà dúdú Amẹ́ríkà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48,000, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ikú kò pọ̀ láàárín àwọn AS ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ewu pé kí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nígbà iṣẹ́ líle fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ewu náà kéré fún gbogbo èèyàn lápapọ̀. Ó kàn jẹ́ pé tiyín ga díẹ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ má fi agbára bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi gígùn, ẹ kọ́ ooru dáadáa, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni figagbága lórí òkè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ rèé: pajápajá máa ń mú iṣan le kankan, ó sì ń múni kígbe. Ti AS, ẹsẹ̀ á kàn rọ, á máa dun yín, okun á lọ, àmọ́ iṣan náà kò ní le lọ́wọ́. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bíi omi zóbò lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn tààrà. SS kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà wọn ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin AS, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn nọ́ńbà tí wọ́n fún yín lẹ́ mọ́ àyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù ẹni tí wọ́n máa pè.